Ẹni Tí Wọ́n Bá Fi Iṣẹ́ Abẹ Gbẹ̀bí Rẹ̀ Rí, Ṣé Abẹ Ni Yóò Máa Fi Bí Títí?

Bí ẹ bá jókòó láàárín àwọn aláboyún ní ọjọ́ kílíníìkì, ẹ kò ní pẹ́ gbọ́ ọ. Ọ̀kan á ní iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí àkọ́bí òun. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á mi orí, á ní, "Háà, abẹ náà ni wàá máa fi bí gbogbo èyí tó kù nìyẹn." Kì í ṣe pé ó fẹ́ ibi fún un. Ohun tí ìyá rẹ̀ sọ fún un lòun náà ń sọ. Nígbà mìíràn, nọ́ọ̀sì tó ń kánjú ló sọ ọ́ fún un.

Ọ̀rọ̀ náà ní orírun. Lọ́dún 1916, dókítà kan ní New York tó ń jẹ́ Edwin Cragin kọ ọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé bí a bá ti ṣiṣẹ́ abẹ ìbímọ lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ abẹ ni yóò máa jẹ́ títí. Kì í ṣe àwọn obìnrin ló ń bá wí. Àwọn dókítà tó ń yára mú abẹ ló ń kìlọ̀ fún. Òun fúnra rẹ̀ sì fi kún un pé ọ̀pọ̀ ló wà tí ọ̀rọ̀ náà kò bá mu, àti pé obìnrin kan lọ́wọ́ òun ti bí ọmọ mẹ́ta wọ́ọ́rọ́wọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́. Apá yìí ni ayé gbàgbé. Lásìkò tirẹ̀, òòró ni wọ́n máa ń la ilé ọmọ, ní apá òkè tí ẹran rẹ̀ ti ki, tó sì jẹ́ pé ibẹ̀ ló máa ń fún jù nígbà ìrọbí. Àpá tó bá wà níbẹ̀ lè ya nígbàkigbà. Láti àwọn ọdún 1920 ni Munro Kerr, dókítà kan ní Glasgow, ti ń tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n máa la ilé ọmọ níbùú, nísàlẹ̀ níbi tó ti fẹ́lẹ́. Ẹ̀jẹ̀ kì í dà púpọ̀ níbẹ̀, ó máa ń jiná dáadáa, kì í sì í fún tó òkè. Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ jù lọ dókítà ń lò lónìí.

Nítorí náà, nínú 100 obìnrin tí wọ́n la ilé ọmọ wọn níbùú lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n sì gbìyànjú láti bí èyí tó tẹ̀ lé e fúnra wọn, bíi 60 sí 80 ló máa ń ṣeé ṣe fún. Ti ẹni tó bá ti bímọ lójú ara rí tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó máa ń tó 85 sí 90. Ṣùgbọ́n n kò ní fi ìkejì pa mọ́ fún yín: bí ìrọbí bá dé fúnra rẹ̀, nínú nǹkan bíi 200 irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀, ilé ọmọ ẹnì kan lè ya. Ẹnì kan nínú 200 kò pọ̀, àmọ́ bí ó bá ṣẹlẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ọmọ ní, ẹ̀jẹ̀ ìyá á sì máa dà sínú ikùn níbi tí ojú kò tó.

Èyí ló jẹ́ kí ìgbàgbọ́ òdì kejì, pé kéèyàn sá fún ọsibítù kó lè bí fúnra rẹ̀, burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Obìnrin tí wọ́n ti sọ fún pé dókítà kò mọ̀ ju abẹ lọ á sá fún dókítà. Á gba ilé ìgbẹ̀bí ṣọ́ọ̀ṣì lọ, tàbí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà tó ń ta àgbo abíwẹ́rẹ́, wọ́n á sì máa gbàdúrà fún un pé kó bí bí àwọn obìnrin Hébérù. Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ, bíi mẹ́ta péré ni wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí wọn, síbẹ̀ ojú ìjákulẹ̀ la fi ń wo àwọn ìyá wọn. Èmi náà ń gbàdúrà, mo sì ń ṣe àmín. Ṣùgbọ́n ilé ọmọ tó bá ya ní ibi tí kò sí tíátà, tí kò sí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀, ìyá àti ọmọ lè bá a lọ.

Kí ni kí ẹ wá kọ́kọ́ wá? Ìwé. Obìnrin kan wá bá wa, oyún rẹ̀ ti lé ní oṣù méje. Àpá ikùn rẹ̀ gùn lóòró láti abẹ́ ìdodo lọ sísàlẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló tẹ̀ lé e wá, màmá náà ló sì ń dáhùn gbogbo ohun tí mo bi í.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ ò rí àpá yẹn ni? Kò lè bí fúnra ẹ̀ mọ́."

Mo ní, "Màmá, àpá ara lẹ̀ ń wò yẹn, mà. Ti inú ni mò ń wá."

Ìlú mìíràn ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ náà fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ rẹ̀ padà lọ kí wọ́n tó bá a wá fáìlì jáde. Ohun tí dókítà kọ lọ́jọ́ náà kò ju ojú ewé kan lọ: ara ni wọ́n là lóòró, ìbú ni wọ́n la ilé ọmọ, nísàlẹ̀. Ohun tó fà á ni pé ẹsẹ̀ lọmọ náà fẹ́ mú jáde. Ká ní ojú ara ló gbà wá ni, Ìgè là bá máa pè é. Èyí tó wà nínú rẹ̀ báyìí dorí kodò dáadáa. Lóru ọjọ́ kan ló rọbí dé, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tó fi bí ọmọbìnrin, ọwọ́ mi ni mo sì fi gbà á.

Ó lè rí òdìkejì bẹ́ẹ̀ náà. Àpá ara lè wà níbùú, kí ti inú wà lóòró. Ẹni tí tirẹ̀ bá rí bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbìyànjú ìrọbí rárá, ẹni tí ilé ọmọ rẹ̀ ti ya rí náà kò gbọ́dọ̀ ṣe é. Torí náà, ẹ béèrè ìwé yín kí ẹ tó kúrò ní ọsibítù, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ bí ìwé ilẹ̀. Ohun tó fa iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ tún ṣe pàtàkì, nítorí pé ọmọ tó mú ẹsẹ̀ jáde lè má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n bí egungun ìdí bá há, kò ní fẹ̀ sí i.

Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín ọmọ. Bí ìbí kan sí òmíràn kò bá tó oṣù 18, ewu pé àpá lè ya á pọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí síkáàn sọ ibi tí olóbì wà. Bí ó bá jókòó lé àpá náà, iṣẹ́ abẹ ni, lọ́wọ́ dókítà tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ wádìí lọ́wọ́ ọsibítù yín tààrà: ṣé tíátà yín ń ṣiṣẹ́ lóru? Ṣé dókítà tó ń kunni lóorun ń sùn níbẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Bí èsì kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ wá ibòmíràn nígbà tí oyún ṣì wà ní oṣù mẹ́fà, ẹ má dúró di ọjọ́ ìkúnlẹ̀.

Ẹ má mu àgbo tó ń mú ìrọbí yá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi oògùn oníhóró sí yín lójú ara, tàbí kó fa omi tó ń ti ìrọbí sí yín lára ní kílíníìkì àdúgbò. Àní ní ọsibítù ńlá pàápàá, omi yẹn lè sọ ewu náà di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í kúrò lọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n bá fà á fún. Bí wọ́n bá sì gbìyànjú tí kò bọ́ sí i, tí wọ́n padà gbé yín lọ sí tíátà, ìyá ọmọ náà ni yín.

Bí ìrọbí bá bẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró sílé kó le kí ẹ tó jáde. Bí ìrora kò bá dẹ̀ láàárín ìrọbí kan sí òmíràn, bí ojú àpá bá ń ro yín, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, bí òyì bá ń kọ́ yín, tàbí bí ìrọbí tó ń lọ geere bá ṣàdédé dúró, ẹ pariwo. Láti ẹnu géètì ni kí ẹ ti fi ìwé náà lé wọn lọ́wọ́, kí ẹ sì sọ ọ́ sókè: "Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ìbímọ fún mi rí."