Bí Erasmus Ṣe Gbé Òmùgọ̀ Gun Orí Àga Ìwàásù

Àìsàn kíndìnrín ló dá Erasmus, ọ̀mọ̀wé àti òǹkọ̀wé ará Netherlands, mọ́lé lọ́dún 1509. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ítálì dé sí London ni, ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ Thomas More, amòfin àti ọ̀mọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní àdúgbò Bucklersbury ló sì wọ̀ sí. Àwọn ìwé rẹ̀ ṣì wà lọ́nà, ìrora kò sì jẹ́ kó lè gbájú mọ́ iṣẹ́ gidi kankan. Ló bá mú kálàmù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ kan tó ti ń rò bọ̀ lórí ẹṣin. Ó kọ díẹ̀, ó fi han àwọn ọ̀rẹ́ tó wà nítòsí. Inú wọn dùn sí i, wọ́n ní àfi kó parí ẹ̀. Ó ní bí ọjọ́ méje ni òun fi kọ ọ́. Moriae Encomium ni wọ́n ń pè é lédè Látìn, ìyẹn Ìyìn Ìwà Òmùgọ̀.

Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ dá irú àrà bẹ́ẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn òǹkọ̀wé èdè Gíríìkì a máa mú ohun tí kò níyì, wọn a sì máa kì í bí ẹni ń ki ọba. Lucian ki eṣinṣin, Synesius ki orí pípá. Erasmus àti More ti jọ tú lára ìwé Lucian sí Látìn, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Paris lọ́dún 1506. Orúkọ More pàápàá wọnú eré náà, torí moria ni àwọn Gíríìkì ń pe ìwà òmùgọ̀. Òun náà ni Erasmus kọ ìwé ọ̀hún fún, ó sì fi kún un pé bí orúkọ yẹn ṣe sún mọ́ ìwà òmùgọ̀ tó ni ẹni tó ń jẹ́ ẹ jìnnà sí i tó.

Ṣùgbọ́n ohun tí ojú ọkùnrin yìí ti rí ló wà nídìí ẹ̀fẹ̀ náà. Ọmọ Rotterdam ni. Àlùfáà ni bàbá tó bí i, bẹ́ẹ̀ Ìjọ Àgùdà kò gbà kí àlùfáà fẹ́yàwó. Ó di ọmọ òrukàn ní kékeré, ó sì bá ara rẹ̀ nílé àwọn mọ́ńkì ní Steyn, níbi tí kò ti fara rọ rárá. Lọ́dún 1492 wọ́n fi í joyè àlùfáà. Nígbà tó máa dé Ítálì lọ́dún 1506, ó wà ní Bologna lọ́jọ́ tí Póòpù Julius Kejì wọ̀lú bí ajagunṣẹ́gun, àfi bí ẹni pé Késárì ló ń bọ̀. Erasmus kò gbàgbé ìran yẹn títí ayé rẹ̀.

Lọ́dún 1509 ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wàjà, Henry Kẹjọ sì gorí oyè. Lord Mountjoy, ọ̀kan lára àwọn tí Erasmus ti kọ́ níwèé rí, fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé ojú ọ̀run ń rẹ́rìn-ín, ayé ń yọ̀, ọba tuntun yìí fẹ́ràn ọ̀mọ̀wé. Erasmus kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó gun ẹṣin, ó gba òkè Alps kọjá wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. (Owó tó ń retí kò ya bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe rò.)

Obìnrin ni Òmùgọ̀ tó wá sọ̀rọ̀ nínú ìwé náà, ara rẹ̀ ló sì wá yìn. Ó ní Plutus, òrìṣà ọrọ̀, ni bàbá òun. Ìmutípara àti Àìmọ̀kan ló fún òun lọ́mú. Ó bi àwùjọ léèrè pé obìnrin wo ni ì bá gbà kí ọkùnrin gbé òun níyàwó, ká ní ó kọ́kọ́ jókòó ro ìrora ìrọbí àti wàhálà ọmọ títọ́? Ẹni tó sì ti bímọ kan, ta ni ì bá tún bí èkejì bí kò bá sí Ìgbàgbé, ìránṣẹ́ òun? Tọkọtaya wo ni ì bá pẹ́ pọ̀ bí wọn kò bá máa fojú fo àléébù ara wọn? Ẹ̀rín ni, àmọ́ ẹ wá ibi tó ti parọ́ níbẹ̀.

Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta bí ata. Òmùgọ̀ dojú kọ àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn tó ń jiyàn bóyá Ọlọ́run ì bá lè gbé àwọ̀ obìnrin wọ̀, tàbí ti èṣù, ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ti elégédé, ti òkúta. Bó bá sì jẹ́ elégédé, báwo ni ì bá ṣe wàásù? Ó kan àwọn mọ́ńkì. Ó ní lọ́jọ́ ìdájọ́, ọ̀kan yóò wá fi ikùn tó fi oríṣiríṣi ẹja kún yangàn, òmíràn yóò ní ọgọ́ta ọdún gbáko lòun kò fọwọ́ kan owó, àfi pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ ìlọ́po méjì. Jésù yóò sì dá wọn lóhùn pé òfin kan ṣoṣo lòun mọ̀ mọ́ òun, òun kò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn dárúkọ rẹ̀.

Apá ìparí ni mo gbà pé ó jẹ́ ọkàn ìwé náà. Òmùgọ̀ gba ẹnu Pọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀, ó ní ìgbàgbọ́ fúnra rẹ̀ dà bí ìwà òmùgọ̀ lójú ayé: Kristi gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ nígbà tí ì bá gun kìnnìún, àgùntàn ló sì pe àwọn tirẹ̀. Bí ẹ̀fẹ̀ ṣe di ìwàásù nìyẹn, tí èèyàn kò sì mọ ìgbà tó yí padà. Kí Òmùgọ̀ tó sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun ti gbàgbé gbogbo ohun tí òun sọ, kí àwùjọ pàtẹ́wọ́, kí wọ́n máa mu.

Gilles de Gourmont ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní Paris lọ́dún 1511. Erasmus ní àwọn kan ló gbé e lọ síbẹ̀ láìjẹ́ pé òun mọ̀. Paris kan náà lòun alára wà lọ́dún yẹn! Lọ́dún 1514 ó tún fẹ̀ ẹ́ lójú, ọ̀rọ̀ tó sọ sí àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn àti mọ́ńkì sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ló ń bà. Martin Dorp, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Leuven, kọ lẹ́tà sí i pé inú ń bí àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ibẹ̀. Èsì tí Erasmus fọ̀ lọ́dún 1515 gùn. Ó ní òun fẹ́rẹ̀ẹ́ kábàámọ̀ pé òun tẹ ìwé náà jáde, pé Òmùgọ̀ ló ń sọ̀rọ̀, òun kò sì dárúkọ ẹnì kankan. Ìdáhùn ọlọgbọ́n ni, torí bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ni wọ́n ń bá wí, ó ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́.

Lọ́dún yẹn kan náà ní Basel, ọ̀dọ́mọkùnrin ayàwòrán Hans Holbein àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Ambrosius fi kálàmù ya àwòrán sí etí ewé ìwé náà kan. Ọ̀kan fi Òmùgọ̀ hàn lórí àga ìwàásù, òmíràn fi Erasmus hàn nídìí tábìlì ìkọ̀wé. Wọ́n ní nígbà tó rí tirẹ̀, ó ní bí òun bá ṣì dùn ún wò tó bẹ́ẹ̀ ni, òun ì bá lọ fẹ́yàwó. Ìwé ọ̀hún ṣì wà ní Basel dòní.

Nígbà tí Martin Luther, mọ́ńkì ará Jámánì, dìde ta ko Ìjọ Àgùdà ní 1517, àwọn kan ní Erasmus ló yé ẹyin tí Luther pa. Ó fèsì pé ẹyin adìẹ lòun yé, ẹyẹ mìíràn ni Luther pa nínú rẹ̀. Kò bọ́ lọ́wọ́ ìhà méjèèjì: Luther bá a jà títí, Póòpù Paul Kẹrin sì fòfin de gbogbo ìwé rẹ̀ lọ́dún 1559, ọdún 23 lẹ́yìn tó ti kú. Iṣẹ́ rẹ̀ kún ìdìpọ̀ ńlá 10 nígbà tí wọ́n kó o jọ ní Leiden láàárín 1703 sí 1706. Nínú gbogbo rẹ̀, èyí tó fi ọ̀sẹ̀ kan kọ lórí àìsàn ni àwọn èèyàn ṣì ń rà jù.