Bí Àìtó Ẹ̀jẹ̀ Tó Ń Ṣàn Dé Ọkàn Ṣe Ń Dabarú Agbára Ẹran Ọkàn

Ẹran ọkàn kì í sinmi, kò sì ní àká tí ó ń kó agbára púpọ̀ pamọ́ sí. ATP, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣiṣẹ́, tí ó wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò lè gbé e kọjá ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, nítorí náà ó ní láti máa ṣe òmíràn láìdáwọ́dúró. Ọ̀rá ni ó ń jó jù láti fi ṣe é. Glúkóòsì, ìyẹn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, tẹ̀ lé e, àti lactate, èròjà tí ó ń ti ara fífọ́ glúkóòsì jáde, tí àwọn ẹran ara yòókù tú sínú ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ yìí kò ṣeé ṣe láìsí ọ́síjìn. Kódà bí ènìyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn ti ń fa nǹkan bí ìdá 70 sí 80 nínú 100 ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ tí ó ń bọ́ ọ, nítorí náà bí ẹ̀jẹ̀ bá dín kù, èyí tó ṣẹ́ kù láti fà kò tó nǹkan.

Bí òpó ẹ̀jẹ̀ kan bá dí pátá, kí ìṣẹ́jú 1 tó pé, apá ọkàn tí ó ń bọ́ kò ní lè súnkì dáadáa mọ́. Sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ yóò yíjú sí glúkóòsì, yóò máa fọ́ ọ láìlo ọ́síjìn. Ṣùgbọ́n ẹyọ glúkóòsì kan tí ì bá mú nǹkan bí ATP 30 wá yóò mú 2 péré wá. Lactate tí ọkàn ń jẹ tẹ́lẹ̀ ni yóò wá máa tú jáde. Èyí ṣeé wọ̀n: bí a bá fa ẹ̀jẹ̀ láti inú òpó tí ó ń gbé e kúrò nínú ẹran ọkàn, tí lactate inú rẹ̀ sì pọ̀ ju ti ẹ̀jẹ̀ tí ó wọlé lọ, àmì ni pé ọ́síjìn kò tó o.

Ẹ̀jẹ̀ tí ó dín kù yàtọ̀ gidigidi sí ẹ̀jẹ̀ tí ó dá dúró pátápátá. Níwọ̀n ìgbà tí díẹ̀ bá ṣì ń ṣàn, yóò máa fọ ásíìdì tí ó ń jẹ jáde nínú sẹ́ẹ̀lì nígbà tí ọ́síjìn kò bá tó kúrò. Bí ó bá dá, ásíìdì náà yóò gbá jọ, yóò sì máa dí fífọ́ glúkóòsì gan-an lọ́wọ́. Sẹ́ẹ̀lì a máa lé ásíìdì jáde, a sì gba sódíọ̀mù wọlé dípò rẹ̀. Sódíọ̀mù yìí ló ń fa kálísíọ̀mù wọlé, àpọ̀jù kálísíọ̀mù sì ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Lẹ́yìn nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, láti ìpele inú lọ́hùn-ún ògiri ọkàn bọ̀ síta.

Ìpadàbọ̀ ẹ̀jẹ̀ pàápàá kì í tún gbogbo rẹ̀ ṣe lójú ẹsẹ̀. Ọkàn á tètè padà sí ọ̀rá, nígbà tí jíjó glúkóòsì pẹ̀lú ọ́síjìn ṣì ń fà sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ọ̀rá ń gba ọ́síjìn ju glúkóòsì lọ fún iye ATP kan náà. Ibí yìí ni oògùn trimetazidine ti ń ṣiṣẹ́: ó ń dín jíjó ọ̀rá kù kí glúkóòsì lè ráyè.