Láísẹ́ǹsì Àjùmọ̀lò: Ta Ló Kó Àwọn Tó Kù?

Ìbéèrè: Iléeṣẹ́ wa ra láísẹ́ǹsì àjùmọ̀lò (àṣẹ ìlò tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pín lò) márùn-ún fún sọ́fítíwíà tí a fi ń bójú tó ráútà àti súwíìṣì, àwọn ẹ̀rọ tó ń so kọ̀ǹpútà pọ̀. Ẹni mẹ́ta péré ló wà lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ yìí, síbẹ̀ wọ́n ní láísẹ́ǹsì ti tán. Ta ló kó wọn?

Ìdáhùn: Láísẹ́ǹsì àjùmọ̀lò kì í ṣe ti ẹnì kan, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà kan. Odó agboolé ni ẹ kà á sí: odó márùn-ún lè wà fún ìyàwó ilé méjìlá, ẹni tó bá fẹ́ gúnyán á gbé ọ̀kan, á sì dá a padà bó bá ti gún un tán. Sáfà láísẹ́ǹsì, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń pín àṣẹ ìlò, ni olùtọ́jú odó. Bí òṣìṣẹ́ bá ti ṣí sọ́fítíwíà náà, sáfà á yọ àṣẹ kan fún un nínú àpò, á sì kọ orúkọ rẹ̀, kọ̀ǹpútà rẹ̀ àti àkókò tó gbà á sílẹ̀. Bó bá pa á dé, àṣẹ náà á padà.

Ẹni tó ṣí i lálẹ́ àná, tó wá gba ilé lọ láìpa á dé, ṣì di odó mú. Bí iná bá sì lọ mọ́ kọ̀ǹpútà kan lójijì, sáfà lè máà tètè mọ̀ pé ẹni náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ FlexNet, sọ́fítíwíà kan tó ń pín láísẹ́ǹsì, ni sáfà yín ń lò, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ yìí sórí kọ̀ǹpútà, `lmutil lmstat -a`: ẹ ó rí orúkọ àwọn tó gbà á àti aago tí wọ́n gbà á, lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ wo ibẹ̀ kí ẹ tó lọ ra òmíràn, nítorí owó ńlá ni.

Ìbéèrè: Bí a bá pa ráútà kan, ṣé a ó rí àyè láísẹ́ǹsì kan sí i?

Ìdáhùn: Rárá. Iye àwọn tó ṣí sọ́fítíwíà lẹ́ẹ̀kan náà yàtọ̀ sí iye ẹ̀rọ tó ń bójú tó, àwọn tó ń tà á sì sábà máa ń ka méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tí ẹ pa ṣì wà nínú iye títí ẹ ó fi yọ ọ́ kúrò nínú àkọsílẹ̀.

Ìbéèrè: Ti Cisco, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ráútà àti súwíìṣì, ńkọ́?

Ìdáhùn: Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń so láísẹ́ǹsì mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ gan-an. Smart Licensing, ìlànà láísẹ́ǹsì tuntun ti Cisco, wá kó o sínú àkáǹtì iléeṣẹ́ tó rà á, kí ẹ̀rọ èyíkéyìí nínú iléeṣẹ́ náà lè lò ó. Níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ ń tún àṣẹ rẹ̀ gbà ní ọjọ́ 30, 30, bí kò bá sì rí Cisco bá sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ 90, àṣẹ náà á parí. Láti ẹ̀dà 17.3.2 ti IOS XE, sọ́fítíwíà tó ń darí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Cisco, ọ̀pọ̀ láísẹ́ǹsì kò nílò àṣẹ ṣáájú mọ́: ẹ̀rọ á lo ohun tó fẹ́ lò, á wá jábọ̀ lẹ́yìn náà. Nítorí náà ẹ̀rọ lè máa ṣiṣẹ́ lọ geere nígbà tí àkáǹtì yín ti jẹ gbèsè láísẹ́ǹsì, ìyẹn ni pé ẹ ti lò ju iye tí ẹ rà lọ.