Wíwọn ẹ̀là àtọ́mù

Wíwọn ẹ̀là àtọ́mù ni iṣẹ́ ìwádìí tí àwọn onímọ̀ físíìsì àti kẹ́místrì fi ń mọ ohun tí àtọ́mù wúwo bíi uranium ń dà nígbà tó bá là sí méjì: bí ẹ̀là kọ̀ọ̀kan ṣe wúwo tó, bó ṣe ń sáré tó, àti iye ìgbà tí irú rẹ̀ ń jáde nínú ọgọ́rùn-ún àtọ́mù tó là. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni ìpín àmújáde. Ó wà lára ìpìlẹ̀ ìṣirò gbogbo ríákítọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń la àtọ́mù láti fi rí ooru tí wọ́n fi ń pèsè iná mànàmáná.

Bí àtọ́mù ṣe ń là

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1938, Otto Hahn àti Fritz Strassmann rí barium, èròjà tó fúyẹ́ ju uranium lọ dáadáa, nínú uranium tí wọ́n fi nútírọ́ọ̀nù (èérún inú kóró àtọ́mù tí kò ní iná nínú) lù ní Berlin, ní Jámánì. Lise Meitner àti Otto Frisch ló túmọ̀ rẹ̀: kóró inú àtọ́mù uranium ló là. Ní oṣù Kìíní ọdún 1939, ní Copenhagen, Frisch fi àpótí kékeré kan tí gáàsì wà nínú rẹ̀ rí àmì iná ńlá tí ẹ̀là kọ̀ọ̀kan ń fi sílẹ̀. Irú àpótí bẹ́ẹ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí dòní, orúkọ Frisch ni àwọ̀n wáyà tí wọ́n ń ta sínú rẹ̀ sì ń jẹ́.

Bí uranium-235 (235 ni àpapọ̀ nútírọ́ọ̀nù àti prótọ́nù, ìyẹn èérún tó ní iná, nínú kóró rẹ̀; òun ni wọ́n ń pè ní ìwọ̀n) bá gbé nútírọ́ọ̀nù tó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ mì, kì í sábà là dọ́gba. Bí obì gbàǹja tí awẹ́ kan tóbi ju èkejì lọ ló ṣe máa ń rí: ẹ̀là kékeré nítòsí ìwọ̀n 95, ẹ̀là ńlá nítòsí 139. Nútírọ́ọ̀nù méjì tàbí mẹ́ta ń já bọ́ níbẹ̀. Agbára tó ń jáde tó nǹkan bíi 200 MeV (MeV ni ẹyọ tí wọ́n fi ń wọn agbára inú àtọ́mù), bíi 170 nínú rẹ̀ sì ni agbára eré àwọn ẹ̀là. Nítorí pé ẹ̀là méjì ni àtọ́mù kọ̀ọ̀kan ń mú wá, 200 ni àpapọ̀ ìpín àmújáde nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí irú tábìlì bẹ́ẹ̀ lè rò pé wọ́n ṣì í kọ ni.

Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹ̀là kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Nútírọ́ọ̀nù inú rẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí náà ó ń yí padà láti èròjà kan sí òmíràn, àwọn kan kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ya ìpín àkọ́jáde, tó ti inú lílà gan-an wá, sọ́tọ̀ kúrò lára ìpín àkójọ, tó ka ohun tí àwọn ẹ̀là mìíràn yí padà dà mọ́ ọn.

Ìpín àkójọ ló rọrùn jù. Wọn á fi nútírọ́ọ̀nù lu uranium, wọn á gbé e síwájú ẹ̀rọ germanium tí nitrogen olómi ń mú tutù, wọn á sì ka ìtànṣán gamma tí wọ́n fi ń dá èròjà kọ̀ọ̀kan mọ̀.

Fún ìpín àkọ́jáde, àfi kí wọ́n mú ẹ̀là náà lójú eré. Wọn á fi uranium tín-ín-rín kun abala kábọ́nù kan tó fẹ́lẹ́ débi pé ẹ̀là lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ọ̀kan á fò sọ́tùn-ún, èkejì á fò sósì. Ẹ̀là kékeré ń rin nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1.4 láàárín nánósẹ́kọ́ǹdì kan, ìyẹn ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ̀là ńlá ń rin nǹkan bíi 1. Bí ọ̀nà tí wọ́n là fún un bá jẹ́ ìdajì mítà, gbogbo ìrìn rẹ̀ ti parí ní nǹkan bíi nánósẹ́kọ́ǹdì 50. Ẹ̀rọ kan á sàmì sí ìgbà tó gbéra, òmíràn sí ìgbà tó dé, àpótí gáàsì á sì wọn agbára rẹ̀. Nígbà tí agbára àti ìyára bá ti wà lọ́wọ́, bó ṣe wúwo tó á yọ. Ṣùgbọ́n kí ìwọ̀n 139 tó lè yàtọ̀ sí 140, àṣìṣe kò gbọdọ̀ tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Abala kábọ́nù tó nípọn ju bó ti yẹ lọ ti tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ọgbọ́n yìí ni àwọn ẹ̀rọ ìwádìí tó ń jẹ́ SPIDER ní Los Alamos, ní Amẹ́ríkà, àti VERDI ní Geel, ní Bẹ́ljíọ̀mù, ń lò. Ẹ̀rọ Lohengrin ní Grenoble, ní Faransé, ń fi òòfà àti iná ya ẹ̀là sọ́tọ̀ lójú ọ̀nà tó gùn tó mítà 23. Ní Darmstadt, ní Jámánì, iṣẹ́ ìwádìí SOFIA dorí ọ̀rọ̀ kodò: uranium fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń lé sáré ju ìdajì ìyára ìmọ́lẹ̀ lọ, kí wọ́n lè ka prótọ́nù inú ẹ̀là kọ̀ọ̀kan.

Xenon-135 àti gíríìdì tí wọ́n ń darí ní Òṣogbo

Òṣogbo ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí gíríìdì iná Nàìjíríà wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ iye iná tí iléeṣẹ́ amúnáwá kọ̀ọ̀kan yóò gbé jáde. Nàìjíríà kò tíì ní iléeṣẹ́ iná àtọ́mù, ṣùgbọ́n èyíkéyìí tí wọ́n bá so mọ́ gíríìdì yìí yóò gbé ìṣòro xenon-135 wá síwájú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀.

Gáàsì ni xenon yìí; ara iodine-135, ọ̀kan lára ohun tí lílà uranium ń mú jáde, ló ti ń wá, ó sì ń gbé nútírọ́ọ̀nù tó yẹ kó la àtọ́mù mìíràn mì lọ́nà tó kàmàmà. Nígbà tí ríákítọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, nútírọ́ọ̀nù ń jó o dànù. Bí gíríìdì bá wó lulẹ̀ tí ríákítọ̀ sì kú lójijì, iodine kò ní dẹ́kun láti máa di xenon, ohun tó ń jó xenon náà kò sì sí mọ́. Nínú ríákítọ̀ ńlá, á máa pọ̀ sí i fún nǹkan bíi wákàtí 10. Lẹ́yìn náà á wá máa dín kù, nítorí pé wákàtí 9 ló ń gba ìdajì rẹ̀ láti yí padà. Àwọn iléeṣẹ́ onígáàsì àti olómi lè ti padà sẹ́nu iṣẹ́ kí ríákítọ̀ náà tó gbà láti dìde. Ní oṣù Kẹsàn-án 1944, xenon yìí ló pa ríákítọ̀ B ní Hanford, ní Amẹ́ríkà, kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ooru náà kì í sì í tán lójú ẹsẹ̀. Ní kété tí ríákítọ̀ bá kú, àwọn ẹ̀là ṣì ń mú nǹkan bíi ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún ooru tẹ́lẹ̀ wá, omi sì gbọ́dọ̀ máa yí ká kí epo inú rẹ̀, ìyẹn uranium tó ń là, má baà yọ́.

Ríákítọ̀ tuntun

Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ti wọ̀n dájú jẹ́ ti nútírọ́ọ̀nù tó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ríákítọ̀ tó ń lo nútírọ́ọ̀nù asáré ń fẹ́ ìṣirò mìíràn, nítorí pé bí agbára nútírọ́ọ̀nù bá ṣe ń pọ̀ sí i ni lílà dọ́gba ń pọ̀ sí i. Bí wọ́n bá da àwọn èròjà wúwo bíi americium tàbí curium mọ́ epo, iṣẹ́ tún le sí i: àwọn èròjà náà ṣọ̀wọ́n, ìtànṣán ara wọn sì ń da ẹ̀rọ láàmú. Àwọn ẹ̀là kan tún ń tú nútírọ́ọ̀nù sílẹ̀ lẹ́yìn tí lílà ti parí, èyí tó mú kí ríákítọ̀ ṣeé darí. Fún uranium-235 irú nútírọ́ọ̀nù tó ń pẹ́ jáde bẹ́ẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 0.65 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo nútírọ́ọ̀nù, fún plutonium-239 bíi 0.2 péré. Nínú ríákítọ̀ oníyọ̀ yíyọ́ (inú iyọ̀ tó ti yọ́ ni epo rẹ̀ wà) tí wọ́n dán wò ní Oak Ridge, ní Amẹ́ríkà, láti 1965 sí 1969, gáàsì helium ni wọ́n fi ń kó xenon kúrò nínú epo.

Ní Nàìjíríà

NIRR-1, ríákítọ̀ ìwádìí kékeré tó wà ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004. Agbára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kílówáàtì 30, wọ́n sì pààrọ̀ epo rẹ̀ sí uranium tí kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára ní 2018. Ìtúpalẹ̀ èròjà inú ilẹ̀ àti àpáta ni wọ́n ń lò ó fún jù, pẹ̀lú irú ẹ̀rọ germanium kan náà. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹ̀rọ tó ń lé àtọ́mù sáré wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn agbára èérún àtọ́mù láìlo uranium rárá.