Báyọ́lọ́jì ẹnu: ta ló ń wá ohun tó gbẹ́ ihò sínú eyín?

Nílé wa, bí eyín bá ń ro ènìyàn, "kòkòrò ti jẹ ẹ́" ni wọ́n máa ń sọ. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ títí mo fi dàgbà. Mo tiẹ̀ máa ń fọkàn yàwòrán kòkòrò ọ̀hún bí èyí tó ń lu ẹ̀wà, tó jókòó pẹ̀sẹ̀ sínú ihò. Dókítà eyín tó kọ́kọ́ wo ẹnu mi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bi í bóyá ó ti rí i. Ó dí ihò náà, ó gbowó, mo sì lọ sílé. Àmọ́ mi ò tíì mọ ohun tó gbẹ́ ihò náà.

Ohun tí oral biology ń wá nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní báyọ́lọ́jì ẹnu. Dókítà eyín máa ń dí ihò, ó máa ń yọ eyín tó ti kọjá àtúnṣe, ó sì máa ń to èyí tó wọ́. Onímọ̀ báyọ́lọ́jì ẹnu kì í dí nǹkan kan. Ìdí ló ń wá: iṣẹ́ tí itọ́ ń ṣe, ohun tó ń mú erìgì ṣẹ̀jẹ̀, bí egungun àgbọ̀n ṣe ń dàgbà, bí ahọ́n ṣe ń mọ adùn yàtọ̀ sí ìkorò, àti àwọn ohun alààyè tí ojú kò rí tí wọ́n sọ ẹnu wa di ilé.

Ẹ wo eyín fúnra rẹ̀. Nǹkan funfun tó bò ó, tí wọ́n ń pè ní enamel, ló le jù lọ nínú gbogbo ara ènìyàn, ó le ju egungun lọ. Ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì tó mọ ọ́n máa ń kú nígbà tí eyín bá yọ. Egungun tó ṣẹ́ lè so padà. Enamel tó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn.

Kòkòrò tí mò ń wá náà wà ní tòótọ́, ojú lásán ni kò lè rí i. Irú kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ti bá lẹ́nu ènìyàn lé ní 700. Àwọn kan nínú wọn, tí Streptococcus mutans jẹ́ ògbóǹtarìgì láàárín wọn, ń jẹ nínú ṣúgà tí a bá jẹ, wọ́n á sì tu ásíìdì sára eyín. Bí pH ibẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n tó máa ń wálẹ̀ bí ásíìdì bá ṣe ń pọ̀ sí i, bá ti wálẹ̀ tó nǹkan bíi 5.5, kálísíọ́mù á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ kúrò lára enamel. Itọ́ ló ń gbà wá: ó ń fọ ásíìdì náà dànù, ó sì ń dá kálísíọ́mù padà, àmọ́ ó ń fẹ́ àyè. Ẹni tó mu ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan tán lẹ́ẹ̀kan náà fún itọ́ láyè. Ẹni tó gbé ìgò kan náà sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, tó ń fẹnu kàn án láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò fún un láyè rárá.

Bí yunifásítì bá wá ní òun fẹ́ dá ilé ìwádìí sílẹ̀ fún ìmọ̀ yìí, àwọn kan á bèèrè pé: ṣebí a ti ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà eyín? Òótọ́ ni, a ní in. Ṣùgbọ́n ẹni tí eyín ń ro kì í dúró de ìwádìí. Dókítà tí ogún aláìsàn jókòó dè síta, ìgbà wo ló fẹ́ ráyè ka kòkòrò àìfojúrí?

Ìtàn Frederick McKay ló jẹ́ kí èyí yé mi. Ní 1901, òun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ kó lọ sí Colorado Springs ní Amẹ́ríkà láti lọ ṣí ibi ìtọ́jú eyín. Ó bá àbàwọ́n lára eyín àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí ìlú náà, ti àwọn mìíràn dúdú bíi ṣokoléètì, kò sì sí ìwé kankan tó sọ ohun tó fà á. Ó pe G. V. Black, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú iṣẹ́ náà, ẹni tó wá ní 1909. Àwọn méjèèjì rí i pé eyín tó ní àbàwọ́n yìí kì í tètè jẹrà, ó sì yà wọ́n lẹ́nu. Black kú ní 1915. McKay ò dúró. Ní 1923, ní Oakley ní ìpínlẹ̀ Idaho, àwọn òbí sọ fún un pé ìgbà tí wọ́n fa omi wá láti orísun omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ kan ni àbàwọ́n náà bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí wọ́n pa omi yẹn tì. Wọ́n pa á tì, eyín àwọn àbúrò sì funfun. Síbẹ̀ kò tíì mọ ohun tó wà nínú omi. Ó di 1931 kí H. V. Churchill, onímọ̀ kẹ́místrì ní ALCOA, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe alumíníọ̀mù, tó yẹ omi wò tó sì bá èròjà kan tí wọ́n ń pè ní flúóráìdì níbẹ̀, tó pọ̀ gan-an.

Ọgbọ̀n ọdún gbáko! McKay gbọ́n, ó sì forí tì í. Ohun tí kò ní ni onímọ̀ kẹ́místrì tó jókòó sí yàrá kejì.

Ìjọba Amẹ́ríkà gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. H. Trendley Dean, dókítà eyín ìjọba náà, wọn ìwọ̀n flúóráìdì tó ń dáàbò bo eyín láìsọ ọ́ di alábàwọ́n: bí ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù kan. Ní 1945 ìlú Grand Rapids ní ìpínlẹ̀ Michigan bẹ̀rẹ̀ sí í fi sínú omi ẹ̀rọ wọn. Lẹ́yìn ọdún 11, eyín jíjẹrà lára àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn náà ti dín ju ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ní 1948 Ààrẹ Truman fọwọ́ sí òfin tó dá ilé ìwádìí eyín ti ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀, Dean sì ni olùdarí àkọ́kọ́. Nígbà tí àwọn ọdún 1960 ń lọ sópin, owó ibẹ̀ ni wọ́n fi gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ ró ní yunifásítì márùn-ún: Alabama, Michigan, North Carolina, Pennsylvania àti Washington.

Ẹ wo irú ohun tó ti ilé ìwádìí ìjọba yẹn jáde. Paul Keyes àti Robert Fitzgerald, tí wọ́n ń ṣèwádìí níbẹ̀, ní hámsítà, ẹranko kékeré tó jọ eku, tí eyín wọn kì í jẹrà bó ti wù kí wọ́n jẹ ṣúgà tó. Wọ́n kó wọn sínú àgò kan náà pẹ̀lú àwọn tí eyín wọn ti bàjẹ́, ni ihò bá dé. Nígbà tí ó fi máa di 1960, ó ti hàn pé eyín jíjẹrà ń ràn. Ìyá tó ń fi eyín gé ẹran kó tó fi sọ́mọ lẹ́nu, ẹran nìkan kọ́ ló ń fún un. (Ìyá tèmi náà ṣe é. Mi ò bínú sí i.)

Ohun tí yunifásítì sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n kan pátákó síwájú ilé. Lójú tèmi, pátákó ló yẹ kó gbẹ̀yìn. Ènìyàn ló ṣáájú: onímọ̀ kòkòrò àìfojúrí, onímọ̀ kẹ́místrì ara, ẹni tó mọ ìṣirò, àti dókítà eyín mélòó kan tí wọ́n gbà láyè kí wọ́n má wo aláìsàn lọ́jọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí owó oṣù wọn má sì dín. Lẹ́yìn náà ni fírísà tí kò gbọ́dọ̀ yọ́, nítorí itọ́ ọdún márùn-ún tí wọ́n kó pamọ́ lè ṣòfò lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná bá lọ tí kò sì sí ẹni tó tan jẹnẹrétọ̀. Ìgbìmọ̀ tó ń rí i pé wọn ò fi ènìyàn dánra wò láìgba àṣẹ náà ń bẹ, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba oyè ọ̀mọ̀wé.

Nílé níbí, ẹ ò lè sọ̀rọ̀ ẹnu kí ẹ má dárúkọ orín àtà. Ẹni tó bá ti run gbòǹgbò yẹn rí mọ bó ṣe ń ta, tí ahọ́n á sì kú tipiri. Ní 1971, Abayomi Sofowora àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí bí pákò ilẹ̀ wa ṣe ń pa kòkòrò àìfojúrí. Lọ́dún kan náà, òun àti Isaacs tẹ òmíràn jáde lórí gbòǹgbò orín àtà: omi rẹ̀ ń mú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ bíi dòjé padà sí bó ṣe yẹ kó rí. Àrùn tí à ń pè ní fòní-kú-fọ̀la-dìde ló ń tẹ sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀. Pákò ni wọ́n kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò.