Ẹ Jẹ́ Kí Etí Yín Gbọ́ Bíìtì: Irinṣẹ́ fún Ihò Tọ́ọ̀pù Sìlíńdà

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tún ihò tọ́ọ̀pù sìlíńdà ṣe, irinṣẹ́ tó lágbára jù ló máa ń kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ mi. Èmi náà á bi í pé, èwo lẹ lè fi ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́ta tí etí yín kò ní hó lálẹ́? Iṣẹ́ yìí kò gba agbára tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Ojú, ọwọ́ àti etí ló gbà, etí sì ni ariwo kọ́kọ́ ń gbà lọ́wọ́ ẹni.

Tọ́ọ̀pù ni irin tó dé ẹ́ńjìnnì lórí, níbi tí fáàfù (ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí ihò tó sì ń dé e) jókòó sí. Ara rẹ̀ ni ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé wà, àti ihò tí èéfín ń gbà jáde. Bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá, inú ihò yìí kì í tẹ́jú: ibì kan á yọ gọngọ, ibòmíràn kò ní bá ojú gáskẹ́ẹ̀tì (awẹ́ tí a ń tẹ́ sáàárín irin méjì) mu. Bíìtì kékeré tó ń yí ni a fi ń há a kúrò, kí afẹ́fẹ́ lè kọjá dáadáa. Kì í ṣe pé kí ihò ṣáà tóbi o. Abẹ́ ìjókòó fáàfù gan-an, níbi tí ihò ti ń ṣẹ́ kọ́nà, ni èrè iṣẹ́ wà jù. Ẹ má sì gbàgbé pé omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára ń kọjá lẹ́yìn ògiri ihò yẹn. Ẹni tó bá há a dé ọ̀dọ̀ omi ti ba tọ́ọ̀pù jẹ́.

Bí bíìtì bá ń jẹ irin dáadáa, á máa kùn bákan náà bí oyin inú igi. Tó bá ń fò lórí irin, ẹ ó gbọ́ kẹ́kẹ́kẹ́, àpá wẹ́wẹ́ á sì wà lára ògiri bí ẹni pé eku ló jẹ ẹ́. Tí alumíníọ̀mù bá dí eyín rẹ̀, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀, á gbóná, kò sì ní gé nǹkan kan mọ́. Ẹni tí kọ̀mpùrẹ́sọ̀ (ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ fún irinṣẹ́) ń ké mọ́ létí kò lè gbọ́ ọ̀kankan nínú wọn. Ìgbà tó bá ti ìka bọ ihò ló máa tó mọ ohun tí òun ti ṣe.

Gíráńdà kékeré tó ń lo afẹ́fẹ́ láti yí bíìtì ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ rà. Ó fúyẹ́, kì í gbóná lọ́wọ́, owó rẹ̀ kò sì ga. Àmọ́ ó ń jẹ afẹ́fẹ́ bí iná ṣe ń jẹ koríko ọ̀gbẹlẹ̀. Iye afẹ́fẹ́ tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ tó sì ń tú u sílẹ̀ ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwa kì í tú u sílẹ̀. Kọ̀mpùrẹ́sọ̀ onílítà 24 kò lè bá a débì kan: ẹ gé irin díẹ̀, ẹ dúró dè é. Ariwo afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde lọ́wọ́ yín wà níbẹ̀, ti kọ̀mpùrẹ́sọ̀ tí kò sinmi tún wà níbẹ̀. Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ á ṣe ìkẹta wọn.

Tó bá jẹ́ òun náà lapá yín ká, ẹ wá èyí tó ń tú afẹ́fẹ́ jáde láti ìdí, kí ẹ lè fi họ́ọ̀sì gbé afẹ́fẹ́ náà lọ sẹ́yìn yín. Ní ti kọ̀mpùrẹ́sọ̀, èyí tí mọ́tò rẹ̀ so mọ́ orí rẹ̀ tààrà sábà máa ń yí ní nǹkan bí ìgbà 2,850 ní ìṣẹ́jú kan, igbe rẹ̀ sì ń gún etí. Èyí tó ń lo bẹ́líìtì, bíi ti fọganáísà, kì í sáré tó bẹ́ẹ̀. Ohùn rẹ̀ nípọn, àmọ́ etí lè gbà á. (Ẹ má ra èyí tó ń lo ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù bíi tiwọn, tiyín gbọ́dọ̀ jẹ́ ti iná mànàmáná.) Ẹnu tó fi ń fa afẹ́fẹ́ ló ti ń pariwo jù, torí náà ẹ fi fílítà tó ní sàlẹ́ńsà sí i. Ẹ gbé e síta lábẹ́ òrùlé, lórí táyà àlòkù. Bí ẹ bá kan àpótí bò ó, ẹ fi ojú sílẹ̀ nísàlẹ̀ àti lókè kí ooru lè jáde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́tò á jó. Ti jẹnẹrétọ̀ kò ní àbùjá: kò gbọdọ̀ wọ inú ilé rárá, nítorí èéfín rẹ̀ ń pani.

Èyí tí èmi ń lò jù báyìí ni mọ́tò tí a fi kọ́ sókè, tí okùn irin ń yí nínú rọ́bà láti ibẹ̀ wá sọ́wọ́. Àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà mọ̀ ọ́n dáadáa. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi kò ju bírò tó sanra lọ, ẹsẹ̀ mi sì wà lórí pẹ́dà bíi ti ẹ̀rọ ìránṣọ: mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó yí díẹ̀. Ó lè yí dé 18,000 ní ìṣẹ́jú kan, ó sì ṣọ̀wọ́n kí n tó gbé e débẹ̀. Rédíò mi ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì ń gbọ́ ọ. Kò yára lórí tọ́ọ̀pù onírin dúdú, mo gbà. Fún irú ìyẹn, mo máa ń mú gíráńdà oníná tó ní ibi tí a ti ń dín eré rẹ̀ kù.

Bíìtì náà ń dá kún ariwo. Alumíníọ̀mù fẹ́ bíìtì kábáìdì (ohun líle tó ń gé irin) tí eyín rẹ̀ jìnnà síra. Irin dúdú fẹ́ èyí tí eyín rẹ̀ gé ara wọn kọjá. Mo máa ń fi àbẹ́là tí a kò tàn pa bíìtì lára kí alumíníọ̀mù má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Èyí tí ọ̀pá rẹ̀ gùn ní tirẹ̀, ẹ bẹ̀rù rẹ̀. Nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, mo tẹ irú rẹ̀ nígbà tí orí rẹ̀ kò tíì wọ ihò. Kí n tó ṣẹ́jú, ọ̀pá náà ti tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, ó gbá mi lápá òsì, àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ ti orí rẹ̀ bọ inú ihò ná, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má sì bọ́ awò ààbò kúrò lójú.

Tọ́ọ̀pù tí ẹ bá gbé lé tábìlì irin lásán á máa dún bí agogo. Ẹ tẹ́ túùbù táyà àtijọ́ sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì dè é mọ́lẹ̀. Àwọn kan máa ń lẹ páálí ẹyin mọ́ ògiri. Gbohùn-gbohùn inú yàrá nìkan ló ń dín kù, aládùúgbò ṣì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ògiri búlọ́ọ̀kù àti ilẹ̀kùn tó pa dé dáadáa ló ń dá ariwo dúró. Fóòmù tí wọ́n ń fi sí ògiri léwu pẹ̀lú, nítorí irin dúdú máa ń ta iná.

Àjọ NIOSH ní Amẹ́ríkà, tó ń ṣèwádìí lórí ààbò òṣìṣẹ́, fi òdiwọ̀n lélẹ̀ fún etí: 85 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (ìwọ̀n bí ariwo ṣe pọ̀ tó), wákàtí 8 lójúmọ́. Bí ariwo bá fi 3 lé sí i, àkókò yẹn á di ìdajì. 88, wákàtí 4. 94, wákàtí kan. 100, ìṣẹ́jú 15 péré. Pẹ̀lú irinṣẹ́ jẹ́jẹ́ tèmi náà, mo ṣì ń fi fóòmù kékeré dí etí. Ó ń gé èyí tó ń gún etí, kíkùn bíìtì sì ṣì ń wọlé. Ìbá wù mí kí ẹnì kan ti sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ogún ọdún, nítorí etí mi ọ̀tún kò dákẹ́ mọ́ láti ìgbà yẹn, ní òru pàápàá.

Láti agogo méje ìrọ̀lẹ́, a kì í tan ohunkóhun tó ń yí ní ṣọ́ọ̀bù wa. Ìyá kan ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀, àkókò yẹn ni ọmọ náà ń sùn. Ìgbà náà la máa ń wọn nǹkan. A ó dojú tọ́ọ̀pù sókè, a ó fi girísì lẹ gíláàsì tó ní ihò kan mọ́ ẹnu kòtò tí epo ti ń jó, a ó wá fi síríńjì rọ kẹrosíìnì sínú rẹ̀ títí afẹ́fẹ́ ìkẹyìn á fi jáde. Ọmọṣẹ́ mi á ka iye tó wọlé, èmi á kọ ọ́ sí pátákó pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. Kòtò mẹ́rin, iye mẹ́rin. Èyí tí tirẹ̀ bá kéré sí ti àwọn tó kù, òun la máa kọ́kọ́ há láàárọ̀.