Àlàyé Ọ̀rọ̀: Ìdánwò Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ Nílé Ìwòsàn Àdúgbò

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí jẹjẹrẹ ń bá fínra kì í dé ilé ìwòsàn yunifásítì olókìkí. Dókítà jẹjẹrẹ àdúgbò wọn ló ń tọ́jú wọn, ẹni tí wọ́n lè wakọ̀ lọ bá láàárọ̀ kí wọ́n sì ti padà sílé kó tó di ọ̀sán. Àmọ́ yunifásítì yẹn náà ni àwọn oògùn tuntun tí wọ́n ṣì ń yẹ̀ wò máa ń balẹ̀ sí, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń jókòó sí. Gbígbé clinical trial, ìyẹn ìdánwò ìtọ́jú, lọ sí ilé ìwòsàn àdúgbò túmọ̀ sí pé kí ìdánwò náà wá bá aláìsàn níbi tó ti ń gba ìtọ́jú, kí aláìsàn yéé máa wá a kiri.

Ìdánwò ìtọ́jú ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ìtọ́jú kan ṣiṣẹ́, àti bóyá ó sàn ju èyí tó wà nílẹ̀. Ìpele kìíní ń wá ìwọ̀n oògùn tí ara lè gbà. Ìkejì ń wò ó bóyá jẹjẹrẹ náà ń rọlẹ̀. Ìkẹta ń fi tuntun wé ti tẹ́lẹ̀ láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún tàbí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, òun ló sì bá àdúgbò mu jù, torí èrò ló ń fẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ o: wọn ò ní fi ṣúgà rọ́pò oògùn yín. Bí ìtọ́jú gidi bá ti wà fún jẹjẹrẹ náà, òun náà ni ẹni tí kò bọ́ sí ọ̀dọ̀ oògùn tuntun máa gbà. Kọ̀ǹpútà ló sì ń pín wọn, kì í ṣe dókítà.

Wọ́n á ní àwọn aláìsàn ló ń sá fún ìdánwò, pàápàá àwa aláwọ̀ dúdú. Ìbẹ̀rù náà ní ìdí: ní Tuskegee, ìpínlẹ̀ Alabama, láti 1932 dé 1972, ìjọba kàn ń wo àwọn ọkùnrin dúdú tó ní sífílísì ni, wọn ò tọ́jú wọn, kódà lẹ́yìn tí pẹnisílíìnì ti wà lóde. Ṣùgbọ́n nígbà tí olùwádìí kan, Joseph Unger, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àbájáde ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní 2019, ohun tí wọ́n rí ni pé ó lé ní ìdajì àwọn aláìsàn tí kò sí ìdánwò kankan fún wọn níbi tí wọ́n ń lọ. Ní yunifásítì, bí 16 nínú 100 aláìsàn ló ń wọ ìdánwò. Ní àdúgbò, 7 péré. Iṣẹ́ wọn míì sì fi hàn pé bí wọ́n bá fi lọ aláìsàn, ó ju ìdajì lọ tó ń gbà, àwọn aláwọ̀ dúdú ò sì gbẹ́yìn. Ta ló fẹ́ gba ohun tí ẹnikẹ́ni ò fi lọ̀ ọ́?

National Cancer Institute, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ti rí i tipẹ́. Wọ́n dá ètò kan sílẹ̀ fún àdúgbò ní 1983, èyí tó di NCORP ní 2014. Nígbà tí wọ́n tún owó rẹ̀ ṣe ní 2019, ẹgbẹ́ àdúgbò 46 ló wà nínú rẹ̀, 14 nínú wọn sì wà níbi tí àwọn tí ìtọ́jú kì í sábà dé ọ̀dọ̀ wọn pọ̀ sí.

Ẹni tí gbogbo rẹ̀ dá lé lórí, lójú tèmi, ni nọ́ọ̀sì ìwádìí. Òun ló ń ka fáìlì àwọn tó ń bọ̀ lọ́la: ọjọ́ orí, ibi tí jẹjẹrẹ dé, bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́, oògùn tí wọ́n ti lò rí. Bí ẹnì kan bá bá ìlànà mu, á fi àkọsílẹ̀ sí iwájú dókítà. Òun ló ń jókòó ti aláìsàn lórí ìwé ìfọwọ́sí tó nípọn, tí aláìsàn lè mú lọ sílé kó kà pẹ̀lú ọmọ tàbí ọkọ rẹ̀, tó sì lè jáwọ́ lọ́jọ́ tó bá wù ú. Bí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀, nọ́ọ̀sì náà á yí i nínú ẹ̀rọ kó lè ya sọ́tọ̀, á dì í sínú yìnyín tí kì í yọ́ di omi, á sì sáré gbé e jáde kí ọkọ̀ akẹ́rù tó kọjá. Bí aláìsàn bá bì, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń ta á, ó gbọ́dọ̀ wọ ìwé.

Ilé ìwòsàn oní-dókítà mẹ́ta, níbo ló ti fẹ́ rí owó oṣù ẹni bẹ́ẹ̀? Ìdánwò tí aláìsàn méjì péré wà nínú rẹ̀ ṣì ń béèrè ìwé rẹpẹtẹ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ń kọsẹ̀ sí nìyẹn. Ìgbìmọ̀ ìwà ọmọlúàbí kan ṣoṣo tí National Cancer Institute gbé kalẹ̀ ní 2001, tó ń yẹ ìdánwò wò fún gbogbo wọn, bu díẹ̀ kúrò nínú ẹrù náà.

Ní ti owó, ẹni tó ni ìdánwò ló sábà ń san owó oògùn tuntun; ìnṣọ́ránsì ń san ìtọ́jú yòókù. Medicare, ìnṣọ́ránsì ìjọba fún àwọn àgbàlagbà, bẹ̀rẹ̀ sí í san án ní 2000, òfin mú ìnṣọ́ránsì aládàáni wọlé ní 2014, Medicaid, ti àwọn tí owó wọn ò tó, tẹ̀ lé e ní 2022. Ọ̀rùn aláìsàn ni epo ọkọ̀ àti ọjọ́ iṣẹ́ tó pàdánù sábà ń wà síbẹ̀.

Kí ló ti ti inú ìdánwò àdúgbò jáde? Ẹ wo ìdánwò kan tí wọ́n ń pè ní TAILORx. Ó ju 10,000 obìnrin lọ tó ní jẹjẹrẹ ọmú tó wọ̀ ọ́, láti ilé ìwòsàn tó ju 1,000 lọ ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà. Àbájáde rẹ̀ ní 2018 ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí irú jẹjẹrẹ tiwọn ń fi họ́mọ̀nù ṣe oúnjẹ, tí kò tíì dé kókó abẹ́ abíyá, lè fi chemotherapy, oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ, sílẹ̀ kí wọ́n máa lo oògùn họ́mọ̀nù nìkan. Yunifásítì díẹ̀ kò lè rí iye obìnrin yẹn kó jọ láéláé.

Kì í ṣe gbogbo ìdánwò ló bá àdúgbò mu o. Oògùn tí wọ́n ń fún èèyàn fún ìgbà àkọ́kọ́, tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ mọ́jú, kó dúró sí ilé ìwòsàn ńlá.

Bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí màmá tó ń gba ìtọ́jú ní Houston tàbí Maryland, ẹ ní kó bi dókítà rẹ̀ pé: "Ǹjẹ́ ìdánwò kankan wà níbí fún irú jẹjẹrẹ mi? Bí kò bá sí, ibo ló sún mọ́ mi jù?" Kó bi í kí oògùn àkọ́kọ́ tó wọ iṣan o, torí ọ̀pọ̀ ìdánwò kì í gba ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú.